Chutney àgbọn fún oúnjẹ àárọ̀: òróró ni kí ẹ gbé kaná, kì í ṣe àgbọn

Àwọn tó mọ ọbẹ̀ í sè gan-an ló máa ń ba chutney àgbọn jẹ́ jù, ìyẹn àgbọn àti ata lílọ̀ tí àwọn ará gúúsù Íńdíà fi ń jẹ oúnjẹ àárọ̀. Ilé ìdáná ìyá wa la ti kọ́ pé ata gbọ́dọ̀ jinná dáadáa, kí omi rẹ̀ fà, kí òróró léfòó, kí òórùn tútù kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ti lọ àgbọn pọ̀ mọ́ ata tán, ìkòkò lọwọ́ wa máa ń wá. Àwọn ará gúúsù Íńdíà kì í sè é. Bí wọ́n ṣe lọ̀ ọ́ ní tútù ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Òróró tí wọ́n máa dà lé e lórí nìkan ni iná ń kàn. Ẹni tó bá gbé àgbọn lílọ̀ kaná á rí i tó ń pín sí méjì, omi lọ́tọ̀, ọ̀rá lọ́tọ̀, adùn tútù tó yẹ kó wà níbẹ̀ á sì ti lọ.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti jẹ ẹ́ rí, yálà ní Chennai nígbà tí ẹ kó aláìsàn lọ fún ìtọ́jú, ní Bengaluru nígbà tí ẹ ń kàwé, tàbí ní àwọn ilé oúnjẹ tó wà ní Tooting àti East Ham ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yọ èyí tí wọ́n ń tà nínú ìgò kúrò lọ́kàn, èyí tí wọ́n fi máńgòrò, ṣúgà àti fínígà sè. Orúkọ nìkan ló pa òun àti èyí tí mò ń sọ pọ̀.

Idli ni wọ́n máa ń bá a jẹ jù. Ìrẹsì àti urad, ẹ̀wà kékeré kan tí wọ́n ń jẹ ní Íńdíà, ni wọ́n ń rẹ, tí wọ́n á lọ̀, tí wọ́n á fi sílẹ̀ mọ́jú kó kan, kí wọ́n tó fi ooru omi sè é nínú àwo oníkòtò kéékèèké. Bí wọ́n bá tẹ́ lílọ̀ irú rẹ̀ sórí irin gbígbóná kó fẹ́lẹ́, ó di dosa nìyẹn. Vada sì wà, àkàrà ẹ̀wà urad oníhò láàárín. Idli fúnra rẹ̀ kò ní ju ìkan díẹ̀ àti iyọ̀ díẹ̀ lọ lẹ́nu. Ohun tí a fi ń jẹ ẹ́ ló ń gbé adùn oúnjẹ náà, ìdí nìyẹn tí iyọ̀ àti ata inú chutney fi gbọ́dọ̀ hàn ketekete.

Fún ènìyàn mẹ́rin, ẹ wá ife kan àgbọn tí a rin, ṣíbí ìjẹun 2 ẹ̀wà chana yíyan, ata tútù 2 tàbí 3, atalẹ̀ tí kò ju orí àtàǹpàkò lọ, àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Omi kò gbọdọ̀ ju ìdajì ife lọ. Fún ti orí iná, ẹ wá ṣíbí tíì 2 òróró, ìdajì ṣíbí tíì hóró músítádì, ṣíbí tíì 1 ẹ̀wà urad tí a ti bó, ata gbígbẹ 1, ewé kọ́rì bíi 10, àti hing díẹ̀ tí ìka méjì lè fún. Hing yìí, oje gbòǹgbò kan tó ti gbẹ ni. Òórùn rẹ̀ le nínú ike, àmọ́ bó bá ti kan òróró gbígbóná, á rọ̀. Ewé kọ́rì náà kò bá ìyẹ̀fun kọ́rì inú agolo tan rárá. Ewé igi ni, òórùn tirẹ̀ yàtọ̀, ìyẹ̀fun yẹn kò sì lè rọ́pò rẹ̀. Tí ẹ kò bá rí ewé náà, ẹ yọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má fi ìyẹ̀fun ṣe àfidípò.

Ẹ ṣọ́ra lórí ẹ̀wà chana, nítorí oríṣi méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, ojú wọn sì jọra. Èyí tí a fẹ́ ni wọ́n ti yan, tí wọ́n ti bó, tí ènìyàn lè jù sẹ́nu kó máa jẹ. Àwọn Tamil ń pè é ní pottukadalai, àwọn Telugu ń pè é ní putnalu. Ìkejì jẹ́ tútù, sísè ni wọ́n ń sè é. Ẹ gé ẹyọ kan jẹ kí ẹ tó lò ó: èyí tó tọ́ á rún wómúwómú, ìkejì á dun eyín. Iṣẹ́ rẹ̀ nínú chutney ni pé ó ń fa omi mọ́ra, kò jẹ́ kí omi àgbọn ṣàn yí idli ká nínú abọ́. Ẹni tí kò bá rí i lè fi ẹ̀pà yíyan tí a ti bó rọ́pò. Kì í ṣe ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí o, ní Andhra Pradesh àti Telangana, chutney ẹ̀pà wà fúnra rẹ̀, ó sì gbajúmọ̀ pẹ̀lú idli àti dosa.

Àgbọn tó gbó ni kí ẹ rà. Ẹ mì í létí, kí ẹ gbọ́ omi nínú rẹ̀. Ẹ wo ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó gbẹ, kí ó má ní funfun èbu. Bí ẹ bá ti fọ́ ọ, ẹ kọ́kọ́ tọ́ omi rẹ̀ wò. Bí omi náà bá kan tàbí tó ń ta sánsán ọṣẹ, ẹ dà á nù pẹ̀lú ẹran ara rẹ̀, nítorí kò sí iná tí yóò bá wa bo àgbọn tó ti bàjẹ́ mọ́lẹ̀. Èèpo pupa tó lẹ̀ mọ́ ara àgbọn kò ní oró, àmọ́ á sọ chutney di aláwọ̀ eérú. Ẹ fi ọ̀bẹ gé e kúrò bí ẹ bá fẹ́ kó funfun. Àgbọn tútù tí wọ́n ti rin tí wọ́n ń tà nínú fírísà dára dáadáa, kí ẹ ṣáà jẹ́ kó yọ́ tán. Èyí tí wọ́n ti sá gbẹ nínú ọ̀rá, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ má sì retí ohun ńlá.

Ní ti ata, mo kórìíra rodo níbí yìí. Òórùn rẹ̀ dùn, àmọ́ á gba gbogbo abọ́, ẹ kò sì ní gbọ́ àgbọn mọ́. Ṣọ̀ǹbọ̀ tí kò tíì pọ́n ló sún mọ́ èyí tí wọ́n ń lò níbẹ̀ jù. (Àwọn Potogí ló kó ata dé Íńdíà láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1500 sí 1600. Ṣáájú ìgbà yẹn, ata dúdú etíkun Malabar ni wọ́n fi ń ta lẹ́nu.)

Nílé àwọn àgbàlagbà, orí òkúta tí wọ́n ń pè ní ammi ni wọ́n ti ń lọ chutney, ó sì dà bí ọlọ àti ọmọ ọlọ tiwa gẹ́lẹ́. Ẹni tí ọlọ rẹ̀ ṣì wà nílé, kó gbé e jáde. Ọlọ kì í lọ nǹkan kúnná jù, kì í sì í gbóná. Bílẹ́ńdà ní tirẹ̀ máa ń gbóná bí a bá jẹ́ kó pẹ́, ooru yẹn á sì fa ọ̀rá jáde lára àgbọn. Ẹ kọ́kọ́ lọ gbogbo rẹ̀ láìsí omi, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ kí ẹ máa tú u sílẹ̀, kí ẹ wá máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀. Omi tí a ti hó tí ó ti rọ̀ di lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ lò. Omi yìnyín máa ń mú kí ọ̀rá àgbọn dì, nítorí òróró àgbọn kì í yọ́ bí kò bá tó nǹkan bíi 24°C. Ẹ dúró nígbà tí ahọ́n ṣì lè gbọ́ hóró rẹ̀, tí ó sì lè lẹ̀ mọ́ idli láìṣàn.

Ibi tí iná ti kàn wá nìyí. Àwọn Tamil ń pe dídín èròjà nínú òróró yìí ní thalippu, àwọn ará Karnataka ń pè é ní oggarane. Ní Kerala, òróró àgbọn ni. Ní Tamil Nadu, òróró yànmọ̀tí, èyí tí wọ́n fún láìyan, kì í ṣe èyí tó dúdú ti àwọn ará Ṣáínà. Ẹ gbé páànù kékeré kaná, kí òróró gbóná, ẹ da músítádì sí i. Ẹ ní ọmọrí lọ́wọ́, nítorí omi inú hóró yẹn á di ooru, á sì máa ta pàrà pàrà kiri. Músítádì tí kò bá ta á korò, èyí tó bá jóná á korò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ariwo rẹ̀ bá ń rọlẹ̀, ẹ da ẹ̀wà urad sí i títí á fi pọ́n díẹ̀, lẹ́yìn náà ata gbígbẹ àti hing. Ewé kọ́rì ló kẹ́yìn, kí ẹ ti nù ún gbẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òróró á ta yín lójú. Ẹ pa iná, ẹ dà á lé chutney lórí. Òórùn gbogbo nǹkan wọ̀nyí ti wọnú òróró, òróró yẹn ló sì máa gbé e káàkiri. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ẹ má ṣe kúrò nídìí rẹ̀ láti lọ gbé fóònù.

Ti tòmátì yàtọ̀ sí gbogbo ohun tí mo ti ń sọ. Chutney pupa tí wọ́n fi tòmátì, àlùbọ́sà àti ata gbígbẹ ṣe, wọ́n ń dín in títí omi fi gbẹ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Ọwọ́ àwa Yorùbá mọ̀ ọ́n ṣe láìkọ́, ó sì máa ń pẹ́ ju ti àgbọn lọ. Àwọn ará Andhra tún ń fi ewé ìṣápá ṣe tiwọn, gongura ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrẹsì ọ̀sán ni wọ́n sábà ń fi í jẹ.

Ti àgbọn kò ní sùúrù. Tútù ló jẹ́, nítorí náà ní ilẹ̀ tó gbóná, wákàtí mélòó kan ló ní lórí tábìlì kó tó kan. Nínú fíríìjì, á di ọjọ́ kejì, àmọ́ ọ̀rá rẹ̀ á dì. Ẹ gbé e síta díẹ̀ kí ẹ tó jẹ ẹ́, ẹ má gbé e kaná. Bí ẹ bá ní àlejò púpọ̀, ẹ rin àgbọn lálẹ́, kí ẹ gbé e sí fíríìjì ní òun nìkan, kí ẹ wá lọ̀ ọ́ láàárọ̀ lẹ́ẹ̀mejì dípò ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí abọ́ kìíní fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí ẹ tó gbé páànù kaná fún èkejì.