Omi ilé adìyẹ àti ewé tí kì í rọlẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń bí ni nínú: pé bí omi ìdọ̀tí oko bá ti di àwọ̀ ewé, ó ti mọ́ nìyẹn. Kò tíì mọ́.

Omi tí wọ́n fi fọ ilé adìyẹ, tàbí èyí tí wọ́n fi rẹ ẹ̀gẹ́ láfún l'Abẹ́òkúta, kún fún oúnjẹ ewé inú omi, ìyẹn àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín aláwọ̀ ewé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní algae. Ẹni tó bá fi omi là á, torí amóníà tó pọ̀ jù máa ń pa ewé, tó dà á sí adágún tí kò jìn dé orúnkún, tó sì ń rò ó, yóò rí i pé oòrùn á sọ ọ́ di àwọ̀ ewé láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àwọn ewé tíntìntín bíi Chlorella àti Scenedesmus ló ń fa náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ mu. Àmọ́ ìdọ̀tí yẹn kò lọ síbì kankan. Inú ara ewé ló kó sí. Bí wọ́n bá kú sínú adágún, wọ́n á jẹrà, wọ́n á sì pọ gbogbo ohun tí wọ́n jẹ padà. Ẹni tó bá tú omi náà sí odò Ògùn, ìdọ̀tí náà ló tú síbẹ̀.

Kíkó ewé kúrò nínú omi ni iṣẹ́ gan-an.

Ẹni tó ti ṣe ògì rí á rò pé ó rọrùn: sẹ́ ẹ, fi í sílẹ̀ dàárọ̀, da omi orí rẹ̀ nù. Ewé yìí kò gbọ́ ti asẹ́. Bí wọ́n bá to Chlorella sórí ìlà, ó lè tó igba kó tó gùn tó mílímítà kan. Ó fúyẹ́ bí omi fúnra rẹ̀, ara ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní irú iná mànàmáná kan náà tó fi ń ti èkejì sẹ́yìn. Ká ní hóró ògì ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ta ni ì bá mu ẹ̀kọ láàárọ̀?

Álọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi sí omi kànga lè mú wọn so pọ̀ rọlẹ̀, ṣùgbọ́n inú ewé náà ni yóò wà, kò sì yẹ fún oúnjẹ ẹja. Ìyẹ̀fun hóró mòríńgà sàn jù ú lọ.

Èyí tó wú ni lórí jù ni ti ewé fúnra rẹ̀. Lọ́sàn-án gangan, ó máa ń fa afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù kúrò nínú omi yára ju bí òmíràn ṣe ń wọlé lọ, tí omi á fi máa ta bí omi eérú aláró. Bí pH rẹ̀, ìyẹn òǹkà tí wọ́n fi ń wọn bí omi ṣe kan tàbí bó ṣe ta bí omi eérú tó, bá ti ju 10 lọ, kálísíọ̀mù àti magnẹ́síọ̀mù inú rẹ̀ á dì, wọ́n á sì wọ́ ewé mọ́lẹ̀. Bu irú omi bẹ́ẹ̀ sínú ìgò: òkè á mọ́ gaara, ìsàlẹ̀ á ṣùjọ bí ewédú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìjábẹ̀ já. Ewé ti ṣe álọ́ọ̀mù tirẹ̀ láìná kọ́bọ̀.

Lítà 1,000 omi adágún yìí kì í sábà mú tó kílò kan ewé gbígbẹ, nítorí náà ajílẹ̀ oko ẹ̀fọ́ ló tọ́ sí, kì í ṣe epo mọ́tò tí àwọn kan ń pariwo.

Bí ìdọ̀tí bá ṣì pọ̀ nínú omi, àwọn kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ á máa dá kábọ́ọ̀nù padà, omi náà kò sì ní ta tó bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni lóṣù Keje, tí ìkúukùu kì í jẹ́ kí oòrùn ràn dáadáa. Ìyẹ̀fun mòríńgà ni yóò gbaṣẹ́ nígbà náà.