Nọ́ńbà NAFDAC kò ní kí àgbo inú ìgò wo àìsàn

Ẹni tó bá máa ń wọ bọ́ọ̀sì láti Ìwó Road n'Íbàdàn lọ sí Ọ̀jọ́ta l'Ékòó mọ ètò náà látòkèdélẹ̀. Kí ọkọ̀ tó gbéra, ọlọ́jà oògùn á kọ́kọ́ gbàdúrà: a ò ní rí ogun ọ̀nà, ẹ̀jẹ̀ wa ò ní ta sí títì. Ta ni kò ní ṣe àmín? Lẹ́yìn àmín ni á bẹ̀rẹ̀ sí í ka àìsàn: ibà, jẹ̀díjẹ̀dí, làkúrègbé, àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀yìn dídùn, àìróorunsùn. Ìgò kan ṣoṣo ló ń wo gbogbo wọn. Bí ojú ẹnìkan bá fi hàn pé kò gbà á gbọ́, á na ìgò náà sí i: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára ẹ̀!" Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Kò bùṣe o. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé bí oògùn bá ti ní nọ́ńbà NAFDAC, ìjọba ti dán an wò nìyẹn, ó sì ti rí i pé ó ń wo ohun tí wọ́n ní ó ń wò. Ní ti àgbo inú ìgò, kò rí bẹ́ẹ̀.

Òfin tó dá NAFDAC sílẹ̀ ní 1993 fi oúnjẹ, oògùn, omi tí wọ́n ń dì tà, ìpara àti kẹ́míkà sí abẹ́ àbójútó rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí búrẹ́dì fi ní nọ́ńbà, tí píọ̀ wọ́tà náà ní. Kò sì sẹ́ni tó ń mu píọ̀ wọ́tà kí ibà lè lọ nítorí nọ́ńbà ara ọ̀rá. Ohun tí nọ́ńbà ń sọ ni pé àjọ náà mọ ọjà yìí, ó mọ ẹni tó ń ṣe é àti ibi tó ti ń ṣe é.

Ti oògùn tún pín sí ọ̀nà méjì. Oògùn òyìnbó, irú èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ń fi 04 tàbí A4 bẹ̀rẹ̀, gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá pé ó ń ṣiṣẹ́. Àgbo máa ń gba ọ̀nà kejì, tí wọ́n kàn ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé: A7 ló sábà máa ń ṣáájú nọ́ńbà rẹ̀, lẹ́tà L ló ń parí rẹ̀. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá májèlé wà nínú rẹ̀, bóyá kòkòrò àìsàn ti wọ̀ ọ́, bóyá ibi tí wọ́n ti ń sè é mọ́. Wọn kò béèrè pé kí olóògùn fún aláìsàn lò, kó sì fi wọ́n wé àwọn tí kò lò ó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí olóògùn kọ ọ́ sára páálí pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ pé oògùn yìí ń ṣe wò.

Ibi tó ti ń bí mi nínú gan-an nìyí. Ìlérí ń bọ̀ ní Yorùbá, pẹ̀lú àdúrà, òwe àti gbohùngbohùn. Lórí rédíò, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí a fẹ́ràn ohùn rẹ̀ ló ń bá wọn kà á. Ìkìlọ̀ wà ní Gẹ̀ẹ́sì, ní lẹ́tà tín-ín-tín tí màmá tó ń rà á kò lè rí kà, bó tilẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Kíka àìsàn yẹn náà ní ọgbọ́n nínú. Nínú ọkọ̀ tó kún, ta ni ẹ̀yìn kò dùn rí, tí oorun kò dá lójú rẹ̀ rí? Ọ̀fìnkìn á sì lọ fúnra rẹ̀ láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó bá mu àgbo lọ́jọ́ kẹta á jẹ́rìí pé àgbo ló lé e lọ. Kò purọ́, ibi tí kò yẹ ló ń dúpẹ́ sí.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí kì í sábà dun ni. Ẹni tó pa oògùn dókítà tì nítorí àgbo lè sọ pé ara òun yá gágá, kó sì jẹ́ òótọ́, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì wà ní 180 lórí 110. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń dè mọ́ apá nìkan ló lè sọ. Nílé mìíràn, ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ dé ni wọ́n tó mọ̀.

Kódà, oògùn tó gba ọ̀nà àkọ́kọ́ kò kọjá àṣìṣe. Láàárín ìparí 2008 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2009, My Pikin, oògùn olómi tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń hu eyín, pa ọmọ tó ju 80 lọ ní Nàìjíríà. Diethylene glycol, kẹ́míkà tó ń ba kíndìnrín jẹ́, ló wọ inú rẹ̀. Nọ́ńbà wà lára ìgò náà.

N kò sọ pé ewé ò ṣiṣẹ́ o. Inú ewé ni Tu Youyou, onímọ̀ oògùn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fa artemisinin yọ ní Ṣáínà ní 1972, òun ló wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ibà tí à ń lò lónìí. Wọ́n kọ́kọ́ mu ún fúnra wọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n dán an wò lára àwọn tí ibà ń ṣe, wọ́n sì mọ ìwọ̀n tó ń ṣiṣẹ́. Ọlọ́jà inú bọ́ọ̀sì ní ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́, àgbà àti ọmọdé.

Bí ìgò bá wà nílé, ẹ wo ìparí nọ́ńbà rẹ̀ bóyá L ló wà níbẹ̀. Ẹ tún lè wá a nínú Greenbook, àkójọ àwọn ọjà tó ní nọ́ńbà, tí NAFDAC gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ mọ̀ bóyá ọjà yẹn gan-an ló ni ín, torí àwọn kan ń jí nọ́ńbà ọlọ́nọ́ńbà lò. Bí ẹ bá sì ti ń mu ún, ẹ sọ fún dókítà, bó tilẹ̀ máa fajú ro. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ ń yọnu, ó yẹ kó mọ ohun tí ẹ ti ń mu.