Ìkópa òṣìṣẹ́ nínú ètò ààbò kẹ́míkà nílé iṣẹ́ oúnjẹ àti ohun mímu ní Amẹ́ríkà

Ìkópa òṣìṣẹ́ ni pé kí àwọn tó ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ àti kẹ́míkà gan-an máa lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wá ewu, tí wọ́n bá ń kọ ìlànà iṣẹ́, àti tí wọ́n bá ń wádìí ìjàmbá. Kí máníjà kàn pè wọ́n jọ kí wọ́n sáìnì pé àwọn ti gbọ́, ìyẹn ò tíì tó. Ọ̀rọ̀ yìí le díẹ̀ nílé iṣẹ́ oúnjẹ torí pé adìyẹ, bíà, mílíìkì làwọn èèyàn mọ ibẹ̀ mọ́, wọn kì í kà á sí ibi kẹ́míkà.

Àwọn kẹ́míkà tó wà níbẹ̀

Ámóníà ló ń mú ọ̀pọ̀ yàrá òtútù ńlá-ńlá tutù. Ìwọ̀n -33°C ló ti ń hó, tó bá jò ó máa ń ta èèyàn lójú àti nímú, 50 ppm (ìdá 50 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́) sì ni OSHA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò lẹ́nu iṣẹ́, fi ṣe òpin ohun tí òṣìṣẹ́ lè mí símú fún wákàtí mẹ́jọ. Nítírójìn olómi tí wọ́n fi ń mú ẹran dì (-196°C) burú lọ́nà tiẹ̀, kò ní òórùn, ńṣe ló ń lé ọ́síjìn kúrò nínú yàrá, èèyàn lè ṣubú kó tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é. Kọ́sítíìkì sódà, ásíìdì àti bílíìṣì náà wà, àwọn tí wọ́n fi ń fọ páìpù àti táǹkì.

Òfin

Ọdún 1992 ni OSHA gbé ìlànà tí wọ́n ń pè ní PSM jáde (29 CFR 1910.119), ìyẹn ìlànà láti dènà ìjàmbá ńlá níbi tí wọ́n ti ń lo kẹ́míkà eléwu, ó sì kan ilé iṣẹ́ tí ámóníà inú ẹ̀rọ rẹ̀ bá tó 10,000 pọ́ùn, bíi kílò 4,500. Ìpín (c) rẹ̀ ní kí agbanisíṣẹ́ kọ ètò ìkópa òṣìṣẹ́ sílẹ̀, kó máa fọ̀rọ̀ lọ àwọn òṣìṣẹ́ àti aṣojú wọn, kó sì jẹ́ kí wọ́n rí ìwé àyẹ̀wò ewu. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ikọ̀ tó ń ṣe àyẹ̀wò ewu gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán òṣìṣẹ́ kan tó mọ ẹ̀rọ yẹn dáadáa, torí ẹni tó ń ṣí fáàfù lójoojúmọ́ ló mọ èyí tó ti ń le àti èyí tí nọ́ńbà ara rẹ̀ ti pa rẹ́. Lọ́dún 2024 EPA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, fi ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ láti dá iṣẹ́ dúró tí ewu bá yọjú kún òfin tiẹ̀ lórí ìjàmbá kẹ́míkà, àmọ́ lọ́dún 2025 àjọ yẹn kan náà kéde pé àwọn máa tún òfin ọ̀hún yẹ̀ wò.

Gainesville, 2021

Nítírójìn olómi ò sí lára kẹ́míkà tí PSM kà sílẹ̀. Ní January 28, 2021, ó tú jáde nílé iṣẹ́ adìyẹ Foundation Food Group ní Gainesville, Georgia, èèyàn 6 ló kú. CSB, àjọ tó ń wádìí ìjàmbá kẹ́míkà, rí i pé páìpù kékeré tó ń wọn bí nítírójìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀rọ ti tẹ̀, ẹ̀rọ ò wá mọ̀ pé ó ti kún, ó ṣáà ń gbà á sí i títí tó fi kún àkúnwọ́sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ míì wá ń wọlé lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ tàbí láti gba àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn là, torí pé wọn ò kọ́ wọn pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lè pa wọ́n, CSB sì sọ ọ́ kedere pé ilé iṣẹ́ náà ò múra àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún irú ewu bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ èdè náà wà níbẹ̀ o: èdè Sípéènì lọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ adìyẹ ní Amẹ́ríkà ń sọ, OSHA sì ní èdè tí òṣìṣẹ́ gbọ́ ni kí wọ́n fi dá a lẹ́kọ̀ọ́.

Atchison, 2016

Ní October 21, 2016, nílé iṣẹ́ MGPI tó ń ṣe ọtí àti èròjà oúnjẹ ní Atchison, Kansas, wọ́n fi páìpù ọkọ̀ tó gbé ásíìdì sọ́fúríìkì wá sẹ́nu táǹkì bílíìṣì, àwọn méjèèjì dàpọ̀, gáàsì kúlórìn tó lóró sì bo àdúgbò. Èèyàn tó lé ní 140 ló wá ìtọ́jú. Ẹnu páìpù méjèèjì jọra, wọ́n sún mọ́ra, àmì tó wà lára wọn ò sì dáa tó, irú nǹkan tí ẹni tó ń lò wọ́n lójoojúmọ́ lè tọ́ka sí nígbà àyẹ̀wò ewu.

Níbòmíì

Àdéhùn nọ́ńbà 155 ti 1981 tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ṣe ní wọn ò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ òṣìṣẹ́ tó kúrò níbi ewu ńlá tó ń bọ̀ kíákíá, tó bá ní ìdí gidi. Nàìjíríà fọwọ́ sí i lọ́dún 1994.