Ọ̀rọ̀ "alleged" nínú ìròyìn èdè Gẹ̀ẹ́sì

"Alleged" àti "allegedly" ni àwọn akọ̀ròyìn tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ìròyìn máa ń lò fún ohun tí ẹnì kan sọ pé ó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò tíì fìdí múlẹ̀ nílé-ẹjọ́. Inú ìròyìn ọ̀ràn dídá ló ti wọ́pọ̀ jù: olè jíjà, ìpànìyàn, jìbìtì, owó ìlú tí wọ́n kó jẹ. Ẹni tó bá ń ka ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà yóò ti rí àkọlé bíi "Court remands man over alleged fraud" láìmọye ìgbà.

Ibi tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ náà sí nínú gbólóhùn ló ń fi hàn ohun tí àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀. Ká ní àwọn adigunjalè ya wọ báńkì, wọ́n kó owó lọ, kámẹ́rà sì ká wọn sílẹ̀. Pé olè jà, kò sẹ́ni tó ń jiyàn rẹ̀. Bí akọ̀ròyìn bá wá kọ "alleged robbery", ó ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gbangba di àhesọ. Ẹni tí ọlọ́pàá mú ni a kò tíì mọ̀ bóyá ó wà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló yẹ kí "alleged" wà. "Alleged suspect" náà kò tọ̀nà, torí ẹni tí wọ́n ń fura sí ni "suspect" fúnra rẹ̀. "Accused of allegedly stealing" tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀sùn lórí ẹ̀sùn ni.

Ìwé ìlànà Associated Press, tí ọ̀pọ̀ ilé ìròyìn Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé, kìlọ̀ fún irú àṣìlò báyìí. Ó tún ní kí akọ̀ròyìn sọ ibi tí ẹ̀sùn ti wá, yálà àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá, ìwé ẹ̀sùn ilé-ẹjọ́, tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ẹjọ́ náà kàn. Nínú gbogbo ìlànà náà, èyí ló ṣe pàtàkì jù. "Ọlọ́pàá ní òun ló jí ọkọ̀" wúlò fún òǹkàwé ju "allegedly" lásán lọ, torí "allegedly" kì í jẹ́ ká mọ ẹni tó sọ̀rọ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí "allegedly" bá ti wà níbẹ̀, òfin kò lè mú àwọn mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lábẹ́ òfin ìbanilórúkọjẹ́ ilẹ̀ England, ẹni tó bá tún ọ̀rọ̀ ìbàjẹ́ sọ yóò jẹ́jọ́ bí ẹni pé òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó lè bọ́ bó bá fi ẹ̀rí hàn pé òótọ́ ni, tàbí bó bá jẹ́ pé ohun tí wọ́n sọ nígbà ìgbẹ́jọ́ ní gbangba ló ròyìn rẹ̀ bó ṣe rí gan-an, láìgbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ Christopher Jefferies, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Bristol, fi èyí hàn kedere. Ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 2010, ọlọ́pàá mú un lórí ikú ọ̀dọ́bìnrin kan tó yá ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀ láìfẹ̀sùn kàn án, ṣùgbọ́n àwọn ìwé ìròyìn ti kọ oríṣiríṣi nípa ìṣesí rẹ̀, àní nípa irun orí rẹ̀ pàápàá, tó fi dà bíi pé apànìyàn ni. Kò sí bí "allegedly" ṣe lè tún irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ṣe. Ní oṣù Keje ọdún 2011, ìwé ìròyìn 8 san owó gbà-má-bínú fún un. Ilé-ẹjọ́ tún bu owó ìtanràn £50,000 lé Daily Mirror àti £18,000 lé The Sun, torí wọ́n rú òfin ọdún 1981 tó ń dáàbò bo ìgbẹ́jọ́. Ẹlòmíràn ni ilé-ẹjọ́ dá lẹ́bi ìpànìyàn náà ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn.

Ní Nàìjíríà, abala 36(5) nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn kò jẹ̀bi títí ẹ̀bi rẹ̀ yóò fi hàn. Àwọn ìwé ìròyìn ń tẹ̀ lé èyí nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ, ṣùgbọ́n àwòrán afurasí tó mú pátákó orúkọ lọ́wọ́ níwájú ọlọ́pàá kò ní "alleged" kankan nínú. Lẹ́yìn àtúnṣe tó wáyé ní ọdún 2021, òfin ìdájọ́ ọ̀daràn Ìpínlẹ̀ Èkó ka irú àfihàn bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ fún ọlọ́pàá.