Ibi tí àbá ilé aṣòfin ti ṣẹ̀ wá

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, bí rédíò bá kéde pé aṣojú wa kín àbá kan lẹ́yìn nítorí àwọn tí omíyalé sọ di aláìnílé, tàbí nítorí igbó tí wọ́n ń gé run, ohun tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn ni pé àbá ni ikán ń dá, ikán ò lè mu òkúta. Mi ò bá wọn jiyàn pé àbá kì í ṣe òfin. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ bí àṣà yìí ṣe dé ọ̀dọ̀ wa kò ní fojú kéré rẹ̀.

Kí òyìnbó tó dé, Ọ̀yọ́ ti ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì jẹ́ ìjòyè méje, Baṣọ̀run ni olórí wọn, agbára wọn sì tó láti ní kí Aláàfin lọ sùn. Ilé tí wọ́n ti ń dá àbá lóde òní kò ti ibẹ̀ wá. Lábẹ́ ìjọba amúnisìn ló ti wá, ó sì pẹ́ kó tó kàn wá. Nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin tí òfin ìjọba ti Gómìnà Clifford gbé kalẹ̀ ní 1922, ẹni mẹ́rin péré ni ará ìlú dìbò yàn, mẹ́ta láti Èkó, ọ̀kan láti Calabar. Ọ̀yọ́ kò ní ẹnì kankan níbẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní. Nígbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń gbọ́ ti ọmọ aláìníyàá nílùú wa, àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi ni, àwọn tó dá ilé àwọn ọmọ Kersey sílẹ̀. Kò sí ilé ìgbìmọ̀ kankan tí wọ́n ti ń dárúkọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Òfin ìjọba ti Gómìnà Macpherson, ní 1951, ló ṣílẹ̀kùn ilé aṣòfin fún wa. Oṣù Keje ọdún 1952 ni S. O. Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wá síwájú ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn n'Íbàdàn. Owó orí tí wọ́n fẹ́ fi ṣe é bí ará ìlú nínú gan-an, ó sì wà lára ohun tó mú kí ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti Awólọ́wọ̀ fìdí rẹmi nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954. Wọn kò torí ẹ̀ jáwọ́. Nígbà tó di oṣù Kìíní 1955, àwọn òbí ń wọ́ lọ sílé ìwé pẹ̀lú ọmọ. Tíṣà á ní kí ọmọ na ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá. Bí ìka rẹ̀ bá kan etí òsì, ó ti tó ọmọ ilé ìwé nìyẹn. Iye ọmọ tó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà lé ní 800,000. Èmi ò mọ àbá mìíràn nílẹ̀ Yorùbá tó ṣe ọmọdé lóore tó ìyẹn.

Ní Èkó, níbi tí ilé aṣòfin àpapọ̀ wà nígbà náà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan ló dìde ní oṣù Kẹta 1957, Ládòkè Akíntọ́lá, ó dábàá pé kí òmìnira dé ní 1959. Anthony Enahoro ti kọ́kọ́ dá irú ẹ̀ ní 1953, kò jọ. Ti Akíntọ́lá, ilé gbà á, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni kò gbà. Rẹ̀mí Fani-Kayode tún gbé òmíràn dìde ní 1958. Oṣù Kìíní 1960 ni Balewa wá dá èyí tó so ó mọ́ October 1. Ẹni mẹ́rin, àbá mẹ́rin, lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń bínú bí wọ́n bá dá àbá kan lẹ́ẹ̀kan tí kò mú nǹkan jáde.

Báwo ni wọ́n tiẹ̀ ń ṣe é? Aṣòfin á ka àlàyé rẹ̀, á sọ ohun tó fẹ́ kí ilé pinnu. Ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ dìde kín in lẹ́yìn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Lẹ́yìn àríyànjiyàn, Abẹnugan á bi wọ́n, àwọn tó fara mọ́ ọn á dáhùn, àwọn tí kò fara mọ́ ọn á dáhùn, òòlù á sì dún. Ìpinnu yẹn kò de ìjọba lọ́wọ́ bí òfin, ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 88 àti 89, fún ilé láṣẹ láti wádìí ọ̀rọ̀, kó sì ránṣẹ́ pe aláṣẹ tọ́rọ̀ kàn.

Ní Lọ́ńdọ̀nù tí a ti jogún ẹ̀, wọ́n ní irú àbá kan tí kò ní ọjọ́ ìjíròrò, láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni, kò gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ 250 lọ, àwọn aṣòfin á sì máa fọwọ́ sí i: ogun, ìyàn, odò tó dọ̀tí, òṣì àwọn ọmọdé. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kì í dé orí ìjíròrò. Síbẹ̀, irú ẹ̀ ni Thatcher, olórí ẹgbẹ́ alátakò, fi bẹ̀rẹ̀ ní 1979 nígbà tó fẹ́ lé ìjọba Callaghan, ìbò 311 sí 310 ló fi borí, ìyẹn ló sì fipá mú Callaghan lọ síbi ìdìbò gbogbogbò.

Ẹ wo ìgbà tí a kò ní ilé aṣòfin. Láàárín 1987 sí 1988, lábẹ́ ológun, wọ́n kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá dà sí Koko, ìlú kan ní ibi tó di ìpínlẹ̀ Delta lónìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó wà ní Ítálì ló kọ̀wé sáwọn oníròyìn. Kò sí aṣòfin kankan tó lè dìde fún àwọn ará Koko.

Ti ẹ̀tọ́ ọmọdé náà gba sùúrù. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní 1989. Ilé aṣòfin l'Ábújá kọ àbádòfin rẹ̀ ní 2002, wọ́n tún gbé e padà, ó sì di òfin ní 2003. Nítorí pé ọ̀rọ̀ ọmọdé wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ wa ní Àgódi, n'Íbàdàn, ní láti ṣe tirẹ̀, 2006 ni ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe é. Òfin ti 2003 yẹn sọ pé ọmọdé kò gbọdọ̀ kiri ọjà lójú títì. Ẹ lọ sí ọjà Akẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́ nígbà tó yẹ kí wọ́n wà ní kíláàsì, ẹ ó rí wọn tòun ti igbá lórí. Ẹni mélòó nínú àwọn tí a dìbò fún ló ti dìde lórí wọn, ta ló sì kín in lẹ́yìn? Wọ́n ń kọ orúkọ àwọn aṣòfin tó bá dìde sílẹ̀ nínú ìwé ilé, ẹnikẹ́ni nínú wa ló sì lè béèrè.