Sàró tí à ń pè yẹn, orúkọ òkè ni o

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí wọ́n bá ní ọmọ Sàró ni lágbájá l'Ékòó, ìyẹn ìran àwọn tó ti Sierra Leone padà wálé, kóòtù àti orúkọ òyìnbó ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, mi ò mọ̀ rárá pé òkè ni wọ́n ń dárúkọ. Òkè gidi, létí òkun, ní Fìrítáùn, olú ìlú Sierra Leone.

Ẹ wò ó, etí òkun apá ibẹ̀ yẹn, ilẹ̀ pẹrẹsẹ àti ẹrẹ̀ ló pọ̀ jù, ọkọ̀ á máa lọ, á máa lọ, kò ní rí nǹkan tó ga, àfi kí òkè ṣàdédé yọ. Gbogbo rẹ̀ ò gùn ju nǹkan bíi kìlómítà 40 lọ, Picket Hill tó ga jù níbẹ̀ ò sì tó mítà 900, àmọ́ láti orí omi, bí ògiri ló rí. Òkúta dúdú tó wúwo ni, iná abẹ́ ilẹ̀ ló yọ́ ọ, ó wá dì síbẹ̀ láti bíi 200 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí òkun Àtìláńtíìkì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là.

Ní 1462 ni Pedro de Sintra, ará Pọtogí, sọ ọ́ ní Serra Lyoa, òkè kìnnìún, òun ló di Sierra Leone, tó wá di Sàró lẹ́nu wa. Àwọn kan ní ó jọ kìnnìún tó dùbúlẹ̀, àwọn kan ní àrá tó ń bú láàárín òkè ló dún bíi kìnnìún. Ti àrá ni èmi fara mọ́, torí atẹ́gùn tútù láti òkun ló ń kọlu òkè yẹn tó ń gòkè tó ń di òjò, òjò ibẹ̀ kì í ṣeré rárá. Ní August 14, 2017, òjò yìí náà ló jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ òkè ya lulẹ̀ ní abúlé Regent, èèyàn tó lé ní 1,000 ló kú tàbí tó sọnù.

Báwo ló ṣe wá kàn wá? Lẹ́yìn òfin 1807 tí Gẹ̀ẹ́sì fi ka òwò ẹrú léèwọ̀, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń gba ọkọ̀ ẹrú lójú òkun, Fìrítáùn ni wọ́n ń já àwọn èèyàn sí, wọ́n á wá kó ọ̀pọ̀ lọ sáwọn abúlé orí òkè: Leicester, Regent, Charlotte, Bathurst. Bathurst ni wọ́n mú Àjàyí ọmọ Òṣoògùn lọ ní 1822, ibẹ̀ ló ti kọ́ ìwé kíkà kó tó di Samuel Crowther. Torí "ẹ kú, ẹ kú" tí kì í tán lẹ́nu wa, Aku ni wọ́n ń pe àwọn èèyàn wa níbẹ̀, títí dòní àwọn Krio, ìran àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ síbẹ̀, ṣì ń se àsè àwùjọ fún òkú wọn, àwùjọ yìí náà ni wọ́n ń pè é o!

Nígbà tó di 1839, àwọn kan nínú wọn dáwó ra ọkọ̀ kan, ọkọ̀ tí wọ́n ti fi ń kó ẹrú tẹ́lẹ̀, wọ́n wọ̀ ọ́, ó di Àgbádárìgì.