Ilà ojú ni P yẹn

Nínú ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, díẹ̀ kí a tó kan àwọn ọ̀rọ̀ tí pu ṣíwájú wọn, agbo ilé kékeré kan wà tí ènìyàn kì í sábà yà sí: ptarmigan, pterodactyl, ptisan, ptomaine, ptosis, ptyalin. Òyìnbó kì í pe P wọn rárá, orí T ni ẹnu wọn ti ń gbéra. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ pé lẹ́tà náà kò wúlò, pé akẹ́kọ̀ọ́ lásán ni wọ́n fi ń dá lágara. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tọ̀nà. Ilà ojú ni P yẹn.

Ẹni tó mọ ilà, tó sì rí àbàjà lójú ènìyàn, yóò ti fura sí ibi tó ti wá kí onítọ̀hún tó la ẹnu. Bẹ́ẹ̀ ni pt ṣe ń sọ pé ọmọ Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ kan. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ ń pe P, wọ́n ń pe T tẹ̀ lé e. Ẹnu Gẹ̀ẹ́sì kò gba méjèèjì níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó ju ìró P nù, ó fi ilà sílẹ̀. Kò yẹ kó ṣàjèjì sí wa: nínú “pápá” tiwa, ìró k àti p ni ẹnu ń pè pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́tà kan la sì ń kọ.

Ilà náà ló ń jẹ́ kí a dá ẹbí mọ̀. Pteron ni ìyẹ́ apá, daktylos ni ìka. Pterodactyl, ẹranko afàyàfà tó ń fò láyé àwọn dáínósọ̀, ìka kan tó gùn gbọọrọ ló gbé awọ ìyẹ́ rẹ̀ ró. Ptyalin ni èròjà inú itọ́ tó ń fọ́ sítáàṣì, òun ló ń mú kí iṣu tí a jẹ lẹ́nu pẹ́ máa dùn díẹ̀díẹ̀. Ptosis ni kí ìpéǹpéjú wó bo ẹyinjú, nítorí ìṣubú ni ìtumọ̀ rẹ̀. Symptom pàápàá jẹ́ ìbátan rẹ̀: ohun tó ṣubú lu ènìyàn. Ptisan ni omi ọkà báálì tí a sè fún aláìsàn. Àwọn Faransé pa ilà tirẹ̀ rẹ́, wọ́n sọ ọ́ di tisane, ojú rẹ̀ kò sì sọ ilé rẹ̀ mọ́.

Bí fáwẹ̀lì bá ṣíwájú pt, P a máa fọhùn. Helicopter ni heliko, ohun tó ń lọ́ po, àti pter, ìyẹ́. Àwọn Òyìnbó fúnra wọn ń gé e sí heli àti copter, wọ́n sì la ìdílé náà sí méjì láìmọ̀.

Ṣùgbọ́n ptarmigan ló yẹ kí a dúró tì. Ẹyẹ orí òkè tútù ni, ó jọ àparò, ìyẹ́ bo ẹsẹ̀ rẹ̀, ara rẹ̀ sì ń funfun nígbà yìnyín. Ọmọ Scotland ni orúkọ rẹ̀, láti inú èdè Gaelic: tàrmachan. Kò sí P níbẹ̀, kò sí Gíríìkì níbẹ̀. Ní 1684, Robert Sibbald, oníṣègùn ará Scotland, kọ ọ́ pẹ̀lú pt, bí ẹni pé ọmọ pteron ni nítorí pé ẹyẹ ni. Ó kọ ilà ará Gíríìkì fún ọmọ onílé. Àbùkù ètò náà nìyẹn, bó ti gbọ́n tó: ojú tó bá ti ní ilà, wọ́n á gbà á lọ́mọ. Ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún báyìí, gbogbo ọmọ ilé ìwé tó bá kọ orúkọ ẹyẹ náà láìsí P ni wọ́n ń gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló kọ ọ́ bí àwọn tó ni ẹyẹ ṣe ń pè é.